Údójì

Údójì ni orúkọ alùpùpù bàbá àgbà mi. Kì í ṣe inú ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo Fìdítì ló mọ̀ ọ́n sí Údójì. Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọdún 1975 wọlé, àfikún náà dé, ó sì bá àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí yóò ra rédíò rà á, ẹni tí yóò fẹ́ ìyàwó kejì fẹ́ ẹ. Bàbá àgbà mi, tí í ṣe tíṣà Gíréèdì Túù nígbà náà, kó tirẹ̀ lé owó àjọ, ó sì ra Honda CD 175 pupa kan. Ìyá àgbà a máa sọ pé nínú owó Údójì tí gbogbo ayé ń pariwo, ibi tí òun ń jókòó sí lẹ́yìn ọkọ òun nìkan ni ìpín tòun.

Alùpùpù náà kò dà bí èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn lóde òní. Píísítìnì kan ṣoṣo ló wà nínú tiwọn. Méjì ló wà nínú Údójì, àwọn méjèèjì sì máa ń lọ sókè sódò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi yàtọ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n kàwé lábẹ́ Bàbá Tíṣà, bí gbogbo ìlú ṣe ń pe bàbá àgbà mi, sọ fún mi pé bí àwọn bá ti ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ odò, ẹni tó ń jà á dẹ́kun ìjà, ẹni tó ń jẹ gúgúrú á gbé e mì, wọn á sì ti tò lórí ìlà kí ó tó yọ.

Èmi kò gbọ́ ohùn yẹn rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti tì í sẹ́yìn ilé ìdáná. Ní ọdún 1994, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, gbé e jáde láìgbàṣẹ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Lójú títì tó lọ sí Ọ̀yọ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a láti ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá sí ọ̀nà méjì, títí di òní ló sì ń tiro. Nínú ilé wa, gbogbo ìtàn yìí kò ju gbólóhùn kan lọ: "Eré àsápajúdé ló sá." Bàbá Tíṣà ló sọ ọ́ ní ọjọ́ náà, gbogbo ẹbí sì gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún férémù alùpùpù náà tò, nítorí owó ni wọ́n fi rà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún gùn ún mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó parí oṣù kẹjọ ọdún 2024, ẹbí pàdé láti jíròrò lórí ọgọ́rin ọdún Bàbá Tíṣà. Wọ́n sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, wọ́n sọ̀rọ̀ màlúù, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹni tí yóò lùlù. Nígbà tí wọ́n wá bi ọlọ́jọ́ ìbí léèrè ohun tí òun fẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gun Údójì dé ilé-ìwé mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá Kékeré dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òun níta. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dọ́gba títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. N kò mọ ohun tó gbà mí lẹ́nu sọ. Mo ní, "Bàbá, èmi á tún un ṣe."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò WAEC ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní JSS 3 ni mo ti máa ń lọ bá Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lójúlé kejì sí wa ní gbogbo ìsinmi. Mo lè tú ẹ̀rọ amúnáwá kékeré palẹ̀ kí n sì tò ó padà láìṣẹ́ nǹkan kù sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, kò sì tó. Bàbá mi wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà tí àbúrò rẹ̀ gbà jáde, ó ní, "Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ni ọjọ́ ìbí. Bí kò bá ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ní ọjọ́ Ajé ni màá pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ti tó gẹ́ẹ́ nínú ilé yìí." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní.

Adìyẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí a fà á jáde. Èkúté ti jẹ ìjókòó rẹ̀ tán, agbọ́n ti fi amọ̀ dí ẹnu sílẹ́ńsà. Mo gbá kíìkì rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí mo gbá ògiri. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí n fi í sílẹ̀. "Àwọn píísítìnì yẹn ti lẹ̀ mọ́ ara ilé wọn. Bí o bá fi agbára mú un, o ó fọ́ ọ." Ó yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó po dísù mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó rọ ọ́ sínú ihò wọn. Ní àràárọ̀, èmi á fi sí jíà kẹrin, màá di táyà ẹ̀yìn mú, màá rọra mì ín síwá sẹ́yìn, màá sì tún rọ díẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ṣe èyí láìrí ìyípadà kankan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, táyà náà yí ní ìwọ̀n ìka kan. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí màmá mi fi sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀.

Inú táńkì kún fún ìpẹtà. Ọsàn kò wọ́n ní Fìdítì, ọsàn wẹ́wẹ́ ni a sì lò. Mo fún omi rẹ̀ sínú táńkì, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń gbà á mì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, omi tó jáde dúdú bí omi aró, inú rẹ̀ sì ń dán. (Bí ọwọ́ yín bá ní ojú egbò, ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ fún odidi ọ̀sán kan. Mo ti rí i.) Kábúrétọ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn, nítorí bẹntiróò ni a fi ń fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni bẹntiróò sì gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Inú ife kan náà ni mo ti ń fọ gbogbo rẹ̀, tí mo ń fi aṣọ sẹ́ epo náà kí n lè tún un lò.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí ọjà Araromi ní Agodi Gate, pẹ̀lú ìwé tí mo kọ ohun tí mo ń wá sí. Ọkùnrin kan ka ìwé náà, ó pe ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ, bàbá mi ló tà á gbẹ̀yìn." Mo rí púlọ́ọ̀gì, mo rí ṣéènì, mo rí okùn bíréèkì tí a lè gé kúrú. Ìyókù di ohun tí a ń ronú sí. Pánẹ́lì bítà fi páànù gángan gé búlúù kan ṣe mọ́gáàdì iwájú. Ẹni tó ń ṣe àga ìjókòó pálọ̀ ló rán ìjókòó rẹ̀. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ ẹlòmíràn ni a fi kùn ún, pupa ni, ṣùgbọ́n ó ṣú. Bàbá Tíṣà fi ìka kàn án, ó ní, "Údójì kò ṣú tó báyìí." Mo bi í bóyá kí a tún un kùn. Ó ronú díẹ̀. "Rárá, fi í sílẹ̀. Èmi náà ti ṣú ju bí mo ṣe wà nígbà náà lọ."

Bátìrì ni mo rò pé yóò dá wa dúró. Bátìrì oní-fóòtù mẹ́fà ni Údójì ń lò, oní-fóòtù méjìlá ni ti gbogbo alùpùpù ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ láìsí bátìrì tó ní iná, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ní ta. Àǹtí mi ló yanjú rẹ̀ láìmọ̀. Ó ju iná rìṣájì kan tó ti fọ́ sórí ààtàn, mo tú u, mo rí i lára bátìrì inú rẹ̀: fóòtù mẹ́fà. Iná iwájú ńkọ́? Gílóòbù iná kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí dáínámò ń tàn, fóòtù mẹ́fà ni òun náà.

Kí n má purọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ń dè púlọ́ọ̀gì, mo ní kí ó le dáadáa, mo tún fún un ní ìdajì sí i. Ó rọ̀ lójijì. Nígbà tí mo yọ ọ́, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò náà lọ́ mọ́ ọn lára bí òwú. Mo dá púlọ́ọ̀gì náà padà sínú ihò, mo nu ọwọ́ mi, mo sì lọ jẹun. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta mo sọ fún Ọ̀gá. Kò bú mi. Ó ní, "Ọjọ́ méjì tí o fi pa á mọ́ yẹn ni o jẹ mí," ó sì rán mi lọ sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ léèdì, pẹ̀lú orí ẹ́ńjìnnì náà tí mo fi aṣọ wé mọ́ àyà. Ọkùnrin náà lu ihò náà kí ó fẹ̀ sí i, ó gbẹ́ irin mìíràn tó ní tírẹ́ẹ̀dì tuntun, ó sì fi há a. Ọjọ́ mẹ́rin lọ sí i. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi ra bàtà ọjọ́ àríyá náà lọ sí i.

Bàbá Tíṣà ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń tún kọ́ńtáàtì ṣe, irin kékeré méjì tó ń pàdé tí wọ́n sì ń yà kí púlọ́ọ̀gì lè ta. Àlàfo àárín wọn gbọ́dọ̀ pé, Ọ̀gá kò sì ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí àwọn alùpùpù tuntun kò ní kọ́ńtáàtì mọ́. Bàbá ní kí n lọ ra bíléèdì ìfárí mẹ́rin. "Tò wọ́n léra. Bí wọ́n bá wọ àárín rẹ̀ láìfúnpọ̀, tí wọn kò sì mì, ó ti tó." Bíléèdì kan kò nípọn ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan lọ, nítorí náà mẹ́rin pé rẹ́gí. Inú mi dùn sí i ju ohunkóhun tí mo kọ́ ní kíláàsì Físíìsì lọ. Lábẹ́ táńkì, mo rí nǹkan róbótó kan bí ìka ọmọdé tí ẹnìkan fi wáyà so mọ́ férémù. Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Kọ̀ńdẹ́ńsà ni," ni Bàbá wí. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó sì wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, mo gbá kíìkì nígbà keje, Údójì sì dáhùn. Èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò dé, àwọn ọmọdé ń jó, Bàbá Tíṣà jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì náà kú pii, kò kọ́, kò fà. Mo gbá a títí, kò jí. Nígbà tó tutù, gbígbá kan ló jí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún kú. Bàbá Tíṣà padà wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi bá a fà á. A tún kábúrétọ̀ fọ̀. A yẹ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lára ìdérí táńkì wò. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Kò sí èyí tó yí i padà: bí ó bá ti gbóná, á kú. Mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tó bá ti kú ni Bàbá Tíṣà máa ń wọlé, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú ló ń tì í fún mi. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ti ń ta àtíbàbà níwájú ilé.

Ó tó aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí Bàbá Kékeré dé. Èmi nìkan ni mo wà ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró sí ibi tí iná kò dé.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ káalẹ́, sà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mẹ́sàn-án."

Kò tún sọ nǹkan kan. Àwa méjèèjì dúró. Ẹ́ńjìnnì náà kú pii, bí ó ti ń ṣe.

Bàbá Kékeré mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ń lọ gba èsì ìdánwò mi ní Ọ̀yọ́. N kò sáré, Àjàní. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín títì, mo bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ bóyá mo ti ti epo pa. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ náà dé. Mo sọ fún wọn ní ọsibítù. Ta ló fẹ́ gbọ́? Mo ti jí i gbé."

Fèrèsé yàrá Bàbá Tíṣà ṣí sí ẹ̀yìnkùlé. A gbọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀ bọ̀. Ó jáde pẹ̀lú ìró aṣọ tó fi ń sùn, ó jókòó lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Kọ̀ńdẹ́ńsà ni," ni ó wí.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

"Oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn ló ti ń kú mọ́ èmi náà lọ́wọ́. Èyí tó bá a wá ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ni mo lọ ra ayédèrú, nítorí ojúlówó wọ́n. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo ní bí wọ́n bá san owó oṣù, màá pààrọ̀ rẹ̀."

"Bàbá," ni Bàbá Kékeré wí, "ẹ mọ̀?"

"Ìyá rẹ ń sunkún, dókítà ń béèrè owó, èrò kún ilé. Wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Mo sọ gbólóhùn kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ti gbogbo ìlú. N kò mọ bí mo ṣe lè lọ kó o padà lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, n kò wá a mọ́." Ó fi ọ̀pá ha ilẹ̀. "Dákun, ọmọ mi. Forí jì mí."

Mo ti gbọ́ tí àgbà ń gbàdúrà, tí àgbà ń bú ènìyàn. N kò tíì gbọ́ tí bàbá ń bẹ ọmọ rẹ̀ rí. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí, mo sì ń nu sípánà kan tí kò dọ̀tí. Bàbá Kékeré kò wí pé òun ti gbọ́, kò wí pé òun kò gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, èmi ló sì bá sọ ọ́.

"Àjàní, ṣí ìdérí kọ́ńtáàtì yẹn. Ṣé ó ti tutù? Gbá a. Kí o sì pa tọ́ọ̀ṣì."

Mo gbá a. Nínú òkùnkùn, a rí i: iná búlúù funfun ń ta láàárín irin méjèèjì láìdẹ́kun, ó ń jó wọn. Iṣẹ́ kọ̀ńdẹ́ńsà ni láti gbé iná náà mì kí ó má baà ta níbẹ̀, kí agbára rẹ̀ lè lọ sí púlọ́ọ̀gì. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń wá a lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Níbo ni ènìyàn ti ń rí kọ̀ńdẹ́ńsà ní aago mọ́kànlá alẹ́? Alága ẹgbẹ́ àjẹẹ́sẹ́kù àtijọ́ kan wà ládùúgbò wa tó ṣì ń wa Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Kékeré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. N kò mọ ohun tó wí fún un, ṣùgbọ́n bàbá náà fi pijámà jáde, ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún wa nígbà tí a ń yọ ọ́, ó sì ní, "Ìsìn àkọ́kọ́ ni mò ń lọ ní ọjọ́ Àìkú. Kí aago mẹ́fà tó lù, ẹ ti dá a padà." A fi wáyà so ó mọ́ férémù. Ogójì ìṣẹ́jú ni Údójì fi ṣiṣẹ́ láìdúró lóru ọjọ́ náà, títí tí ẹnìkan fi pariwo láti ojúlé kẹta pé ṣé àwa kì í sùn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú gbogbo ẹbí nínú aṣọ tuntun, kò jí. Ìwárìrì ọwọ́ mi ni, mo ti fún un lépo jù. Mo gbá a, mo gbá a, òógùn bò mí. Bàbá Tíṣà na imú sókè láti orí àga rẹ̀. "Ó ti mu epo yó. Ti ẹnu táńkì. Ṣí ọwọ́ rẹ̀ tán, má dá a padà, kí o wá gbá a." Ó jí ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Bàbá mi ló wà á, Bàbá Tíṣà sì jókòó sẹ́yìn, akoto lórí dípò fìlà, ọwọ́ méjèèjì lára ọmọ rẹ̀. Ibi tí Ìyá àgbà máa ń jókòó sí ni. Èmi wà nínú ọkọ̀ Bàbá Kékeré, a tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn tímọ́tímọ́ pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú, kí ọkọ̀ kankan má baà sún mọ́ wọn. Ìrìn náà tó máìlì méje. Bàbá Kékeré kò yọ ojú kúrò lára wọn, kò sì sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ odò tí ó sọ gíláàsì sílẹ̀. "Gbọ́ ọ," ni ó wí.

Ilé-ìwé náà wà ní títì nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Irin àgbá táyà tí wọ́n ń lù bí aago ṣì wà lórí igi. Bàbá Tíṣà lù ú nígbà mẹ́ta, àwọn ọmọdé tí a kò mọ̀ sì ń sá jáde láti inú ilé wọn gbogbo, wọ́n rò pé wọ́n ti pẹ́.

A dá kọ̀ńdẹ́ńsà padà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Bàbá Kékeré ra òmíràn ní Ìbàdàn, ó fúnra rẹ̀ mú un wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì wò mí títí mo fi so ó tán. Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni ó ń wá sí Fìdítì. Ó ní bátìrì iná rìṣájì kì í pẹ́ kú bí a kò bá ń tan ẹ̀rọ náà déédéé. Òun àti Bàbá Tíṣà á gbé àga méjì sí ẹ̀yìnkùlé, èmi á gbá kíìkì, wọn á sì jókòó tì í títí yóò fi gbóná.